Ẹsẹ̀ Tí Kò Kúrò Nílẹ̀

Ìbànújẹ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Ọ̀sán Jímọ̀ kan tí gbogbo nǹkan dùn ni ó yàn láti wọ ayé Wúlẹ̀mọ̀tù, nínú oṣù kejì ọdún 1964, lórí pèpéle sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń sá kòkó sí lẹ́yìn ọjà Ìdó.

Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti kó kòkó ọdún náà tán, pèpéle yẹn a di pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Alágbẹ̀dẹ ló rọ irin roboto méjì, káfíńtà kàn wọ́n mọ́ pátákó lórí òpó gíga. Oníṣòwò kòkó kan tó fẹ́ràn eré náà ń san owó oṣù fún ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́jọ pé kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ mìíràn ju pé kí wọ́n gbá a. Tíṣà Morákinyọ̀, tó kọ́ ọ lọ́wọ́ òyìnbó kan nílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, ló ń kọ́ wọn. Wúlẹ̀mọ̀tù, aránṣọ, ló ń rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù wọn, òun náà ló sì ń kọ ayò sójú pátákó lọ́jọ́ ìdíje. Gbogbo ìlú mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìdíje ló ṣe ń wá. Nítorí nọ́ńbà keje ni. Nítorí Afọlábí ni.

"Ìdíje mẹ́ta la ti gbá," Tíṣà wí lọ́jọ́ náà. "A na Ayégbajú, a na Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé nà wá. Ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ara wa nínú dígí kí àwọn ará Ọ̀tùn tó wá bá wa wò ó. Wúlẹ̀mọ̀tù, ìwọ tọ́wọ́ rẹ gún, bá mi kọ ọ́."

Ó fa ìlà gbọọrọ sí àárín pátákó dúdú náà. Lápá kan ó kọ Agbára, lápá kejì ó kọ Àìlera.

"Agbára wa," ni Tíṣà wí. "Ọwọ́ Oyèbánjí. Ó máa ń rí ihò tí bọ́ọ̀lù máa gbà kí ihò náà tó là. Èkejì, a lè sáré títí di ìgbà tí rẹfirí bá fun fèrè ìkẹyìn. Ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ Afọlábí. Ẹ̀yin náà ti rí i. Bó bá fò, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á ti délẹ̀ kí òun tó rántí pé ilẹ̀ wà."

Afọlábí tẹ orí ba, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àìlera. Bí a bá ti ju bọ́ọ̀lù wọlé tán, kàkà ká sá padà lọ ṣọ́ agbọ̀n wa, ojú àwọn ọmọge la máa ń wò. Èkejì, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Méjìlá ni wọ́n fún wa ní Ìkọ̀lé, mẹ́ta ló wọlé. Ewúrẹ́ á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Tíṣà, ewúrẹ́ ò lọ́wọ́," Oyèbánjí wí.

"Ìwọ tó lọ́wọ́ ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n Tíṣà kò bá wọn rín in. Ó ń wo agbọ̀n irin lókè bí ẹni pé nǹkan kan jókòó síbẹ̀.

"Ẹ̀kẹta ló ń dẹ́rù bà mí jù. Kọ ọ́, Wúlẹ̀mọ̀tù. Igi kan ṣoṣo la so gbogbo ẹrù wa kọ́. Bí Afọlábí kò bá fò, ta ni yóò fò?"

Bí ó ti kọ 'fò' tán ni ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Apá kan bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó sì dúró síwájú bàtà kánfáàsì Afọlábí.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù," Tíṣà wí. "Ọmọ ìlú wa kan, Kọ́lá, ń bọ̀ láti Èkó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní, ọjọ́ tí a máa gbá pẹ̀lú Ọ̀tùn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló rán an. Ẹnì kan ló ń bọ̀ wá wò." Kò dárúkọ ẹni náà. Gbogbo wọn ti yíjú sí nọ́ńbà keje.

*

Ọ̀nà ilé ni Afọlábí ti sọ̀rọ̀.

"Wúlẹ̀, ṣé o fẹ́ kí n lọ?"

Ọkàn rẹ̀ ń pariwo pé rárá. Ṣùgbọ́n Wúlẹ̀mọ̀tù ti ka ìwé ìfẹ́ pélébé tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ilé ìwé ju mọ́kànlélógún lọ. Obìnrin inú ìwé kì í bẹ ọkùnrin. Á gbé ọrùn sókè ni, á wo ọ̀nà jíjìn, ọkùnrin náà á sì fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ohun tó bá wù ọ́ ni, Àjàní," ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó gbé ọrùn sókè.

Afọlábí dúró díẹ̀. Ó jọ pé ó ń retí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí kò gbọ́ ọ, ó ní, "Ó dáa," ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta kékeré kan lọ síwájú títí tí wọ́n fi délé.

Bọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ Wúlẹ̀mọ̀tù tí ilé wọn kọjú síra, ló rí omijé rẹ̀ níbi tó ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Kí lo dá a lóhùn?"

"Mo ní ohun tó bá wù ú ni."

"O kú iṣẹ́. Báyẹn lèmi náà ṣe dá tèmi lóhùn lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tóun náà fẹ́ lọ." Bọ́sẹ̀dé mú fọ́tò mẹ́ta jáde nínú Bíbélì rẹ̀. "Ó fi èyí ránṣẹ́, ó fi èyí ránṣẹ́. Wo ẹ̀kẹta dáadáa. Ó gé obìnrin yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sí èjìká."

Lóòótọ́ ni, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ní olówó, òrùka ń dán lórí rẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá kan wà ní Òrìn. Agbọ̀n ló ń hun tà. Ṣùgbọ́n gbogbo agbọ̀n kọ́ ló ń gbé lọ sọ́jà. Mú nǹkan ẹsẹ̀ Afọlábí dání. Má ṣe sọ pé èmi ni mo wí."

*

Ọ̀sán gangan ni wọ́n ní kó wá, ìgbà tí òjìji ènìyàn bá sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù fi ìborùn bojú nítorí àwọn ará mọ́ṣáláṣí wọn. Inú ọwọ́ rẹ̀ ni ó di okùn bàtà òsì Afọlábí mọ́, èyí tó tú nígbà tó gba ẹ̀wù wọn láti lọ fọ̀.

Bàbá Akínyẹmí, ahunagbọ̀n ará Òrìn náà, kò gbójú sókè. Ó jókòó sídìí igi obì, ìtàkùn ń já geere láàárín ìka rẹ̀, agbọ̀n yí i ká bí ọmọ tó yí ìyá ká. Ẹyẹ kankan kò ké lórí igi náà. Ó gba okùn bàtà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun agbọ̀n kékeré kan yí i ká, tí kò ju ìkúùkù lọ.

"Kí lo fẹ́?"

"Kó má lọ, Bàbá."

"Èmi kọ́ ni o máa sọ ọ́ fún. Agbọ̀n yìí ni o máa sọ ọ́ fún." Ó ka ataare méje sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Rún un, má gbé e mì. Bó bá ti gbóná dé gbòǹgbò ahọ́n, wí i lẹ́ẹ̀mẹta, pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kúrò nulé. Wí i bí ìyá rẹ ṣe í wí i. Oògùn ò lọ súkúù."

Ìyá rẹ̀ ni yóò wí pé 'nulé' dípò 'nílé' nítòótọ́, bí gbogbo ará Ìdó. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni Wúlẹ̀mọ̀tù fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì tíì ka ìwé ìfẹ́ kan rí tí wọ́n ti ń wí ulé. Ó fẹ́ wí i kó dùn, bí wọ́n ti í kọ ọ́ sínú ìwé. Ataare náà jó o lẹ́nu. Omi dà lójú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo bí ẹran tútù. Ó wí i lẹ́ẹ̀kan, ó wí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wí i lẹ́ẹ̀kẹta, ìparí ọ̀rọ̀ náà sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ọwọ́ bàbá náà dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbójú sókè.

"Ṣé bí o ti fẹ́ ẹ nìyẹn?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Ohun tẹ́nu bá wí lọwọ́ ń hun." Ó fa ìtàkùn ìkẹyìn, agbọ̀n náà sì pa ẹnu dé.

*

Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni Wúlẹ̀mọ̀tù fi í sí, lábẹ́ aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ rà sílẹ̀ fún ọjọ́ yìgì rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bó ti ń ránṣọ lọ́wọ́, ó gbọ́ ọ. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Bí ìgbà tí ẹnì kan ń fa ìtàkùn le sí i nínú òkùnkùn àpótí náà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìró náà kò dúró títí ọ̀sán fi kọjá, ojoojúmọ́ lọ́sàn-án ló sì ń dún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí pèpéle, Oyèbánjí gbé bọ́ọ̀lù sókè fún Afọlábí bí ó ti máa ń ṣe. Afọlábí tẹ orúnkún, ó na ọwọ́, gbogbo ara rẹ̀ gòkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Bọ́ọ̀lù kọjá lórí rẹ̀, ó lọ ba ògiri ilé kòkó.

"Iyán ìyá ẹ, Ìyá Sẹ̀ríyà, ti pọ̀ jù nínú ẹ," Oyèbánjí wí. "Wọn ì bá bu díẹ̀ fún wa kó o lè fúyẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀rín náà kéré. Ní ọjọ́ kẹta kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Tíṣà kúnlẹ̀, ó tẹ orúnkún òsì rẹ̀ wò, ó ní sìmẹ́ǹtì ló bà á jẹ́, kó sinmi. Àwọn ará ìlú tó ń wòran kò gbà.

"Ọ̀tùn ti dé," ni wọ́n ń wí láàárín ara wọn. "Oògùn wọn ti ṣíwájú bọ́ọ̀lù dé."

Afọlábí sá tọ Wúlẹ̀mọ̀tù wá níwájú pátákó. "Wúlẹ̀, ṣe ni ó dà bíi pé ẹnì kan jókòó sábẹ́ ilẹ̀ tó di àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"N kò ní sọ," ó wí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé agbọ̀n òun kọ́. Ilé ni òun ní kó má kúrò. Kò sí ohun tó kan fífò nínú rẹ̀.

*

Ọjọ́ Àlàmísì, Ìyá Sẹ̀ríyà, ìyá Afọlábí, ránṣẹ́ pe Wúlẹ̀mọ̀tù.

"Ìyàwó mi, wá bá mi di abọ́ mú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Álúfà Àlímì ti fi ọjọ́ méjì kọ ọ̀rọ̀ sójú wàláà, pátákó ìkéwú rẹ̀, ó sì ti fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́ funfun. Hántú náà dúdú, ó ń rùn tàdáwà, yíǹkì tó fi kọ ọ́. Álúfà náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó de ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò jìnnà, òun ń gbóòórùn ataare. Wúlẹ̀mọ̀tù gbé abọ́ náà fún Afọlábí.

Afọlábí mu ún. Wọ́n fi ìyókù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú wọn, ẹsẹ̀ òsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ẹní bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú omi. Ó ń gbéra, nǹkan kan ń fà á padà. Ó ń gbéra, nǹkan náà ń fà á padà. Afọlábí di ọwọ́ Wúlẹ̀mọ̀tù mú tí egungun ìka rẹ̀ fi dún, ó ń wò ó lójú, kò sì ké.

Nígbà tó délé, àpótí rẹ̀ ń jò. Omi dúdú ń ṣẹ́ láti ìdí rẹ̀, ó ń rùn tàdáwà. Ó ṣí i. Aṣọ òfì náà ti dúdú láti etí dé etí. Láàárín rẹ̀ ni agbọ̀n náà wà, ó ti fún pọ̀ di bí ẹyin, okùn bàtà náà sì yọ láàárín ìtàkùn bí iṣan ọrùn ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo. Ó ń dún. Kò tún dúró de ọ̀sán mọ́.

Ní ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ lé e, orúnkún Afọlábí wú bí igbá. Álúfà ń fọ wàláà lọ́hùn-ún, agbọ̀n ń fún níhìn-ín, ẹsẹ̀ ènìyàn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń jà sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìyẹn Wẹ́sìdeè, Ìyá Sẹ̀ríyà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Ta ni mo ṣẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù ọmọ mi? Ta ló wí i lẹ́nu pé kí ẹsẹ̀ ọmọ mi má kúrò nílẹ̀ mọ́?"

Nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wọ etí rẹ̀ ní ohùn ara rẹ̀. Ó padà gbọ́ ọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ nídìí igi obì, tí ataare ń jó ahọ́n rẹ̀, tí ohùn ìwé tí kò mọ́ ọn lára ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò wí pé nílé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì wí i pé nílẹ̀.

*

"Mo bi ọ́," Bàbá Akínyẹmí wí.

"Ẹ mọ̀ pé kò lè jẹ́ bí mo ti fẹ́ ẹ nìyẹn, Bàbá."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Àwọn kan wà tí wọ́n ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi, agbọ̀n ni mo ń hun. Ẹni tó di ẹrù sínú rẹ̀ ló mọ ohun tó dì."

Ó ní ẹni tó dì í ni yóò tú u, níwájú ẹni tó ni ẹsẹ̀, kí onítọ̀hún sì gbọ́ láti ẹnu rẹ̀. Bí kò bá di Sátidé tó tú u, ẹsẹ̀ náà yóò gbẹ bí ìtàkùn. Ó ka ataare méje fún un. Lẹ́yìn náà ó tún ka méje mìíràn, ó kó wọn sí ọwọ́ rẹ̀ kejì.

"Ìwọ̀nyí ńkọ́, Bàbá?"

"Bí o bá tú ti ilẹ̀ tán, ẹnu rẹ ṣì lè wí ti ulé, èyí tí o wá fún tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ kò ní gbọ́ ìyẹn. Ìwọ nìkan lo máa mọ̀."

*

Ọyẹ́ ṣì bo pèpéle kòkó ní òwúrọ̀ Sátidé tí Afọlábí fi ọ̀pá tiro dé ibẹ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù ti dé ṣáájú. Agbọ̀n náà wà lórí sìmẹ́ǹtì láàárín wọn, ó ń dún.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Okùn bàtà, Òrìn, ataare, ọ̀rọ̀ tó yọ̀ lẹ́nu. Kò gbé ọrùn sókè. Kò sí ohùn ìwé kankan lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Afọlábí ń gbọ́, ó gbé gbogbo ara lé ọ̀pá náà, ojú rẹ̀ ń di ojú ẹni tí Wúlẹ̀mọ̀tù kò mọ̀ rí.

Ó rún ataare méje àkọ́kọ́. Ó ń fa ìtàkùn náà tú, ìtàkùn ń gé e níka, ó sì ń wí i ní ohùn ìyá rẹ̀, wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kí ará ilé. "Ẹnu mi ló dè é, ẹnu mi ló tú u. Kẹ́sẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀." Lẹ́ẹ̀kẹta, okùn bàtà náà já bọ́. Ìró náà dákẹ́. Ìgbà yẹn ni ó tó mọ bí ìró náà ti pẹ́ tó nínú orí òun.

Afọlábí gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Méje yòókù ń gbóná nínú ìkúùkù òsì Wúlẹ̀mọ̀tù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ní báyìí tó ti mọ ohùn tí oògùn ń gbọ́, kò ní ṣì í wí mọ́.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà," Afọlábí wí. "Mo ní ṣé o fẹ́ kí n lọ."

"Mo mọ̀."

"Bó o bá ti wí pé 'má lọ', ǹ bá jókòó. Kò tó ataare." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn bàtà rẹ̀ nílẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. "Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ń dúró dè, Wúlẹ̀mọ̀tù."

Kò pè é ní Wúlẹ̀. Ó yí padà, ó ń lọ nínú ọyẹ́ náà, ó fi ọ̀pá sílẹ̀ níbi tó gbé dúró. Wúlẹ̀mọ̀tù wo ìkúùkù òsì rẹ̀. Ó gbé e dé ẹnu. Ètè rẹ̀ kan ataare náà. Ó dúró báyẹn títí tí ẹ̀yìn Afọlábí fi dàwátì, ó sì gbé ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀, kò là á.

*

Ní ọ̀sán, orúnkún náà ti rọlẹ̀. Tíṣà ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìsinmi ló ń fẹ́. Ìyá Sẹ̀ríyà ní Álúfà Àlímì ni. Àwọn ará Ọ̀tùn ní àwọn kò mọ nǹkan kan, ẹnikẹ́ni kò sì gbà wọ́n gbọ́.

Lójú Kọ́lá tó ti Èkó dé, rẹfirí ju bọ́ọ̀lù sókè láàárín Afọlábí àti òmìrán ará Ọ̀tùn kan. Afọlábí fò. Ariwo ìlú tẹ̀ lé e gòkè. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan tí Wúlẹ̀mọ̀tù kò ní gbàgbé láéláé, ó dúró lókè lọ́hùn-ún, okùn bàtà òsì rẹ̀ tú, ó ń mì nínú oòrùn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún eruku, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ ayé. Wúlẹ̀mọ̀tù ń kọ ayò. Ó ń kọ ọ́, omi ojú rẹ̀ ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Ìdó borí pẹ̀lú ayò mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lọ́rì gbé Afọlábí àti Kọ́lá lọ sí Èkó. Ó dágbére fún gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù, ó ní, "O kú iṣẹ́ ẹ̀wù wa."

"Ọ̀nà á dáa," ó dáhùn.

Eruku lọ́rì kò tíì rọlẹ̀ tán tí Tíṣà Morákinyọ̀ fi ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù wá bá òun tún pátákó kọ, nítorí Ìkọ̀lé ń bọ̀ ní Sátidé. Ó mú àkísà. Lábẹ́ Agbára, ó nu ẹsẹ̀ Afọlábí kúrò, ó rọra nù ún, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó kọjá sí apá kejì. Igi kan ṣoṣo la so gbogbo ẹrù wa kọ́.

"Èyí náà ńkọ́, Tíṣà? Ṣé kí n nù ún?"

Tíṣà wo ojú rẹ̀, ó wo ìkúùkù òsì rẹ̀ tó dì pinpin, ó sì yíjú sí ojú ọ̀nà.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ mi."

Ó fi í sílẹ̀. Ó jókòó sórí pèpéle náà, ó wá la ọwọ́, ó sì da ataare méje tó ṣẹ́kù láti Òrìn náà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó rún un títí ó fi jó o dé gbòǹgbò ahọ́n. Ẹnu rẹ̀ kò sì wí ti ulé.